Ọba Mẹ́wàá, Ìgbà Mẹ́wàá: Ìlérí Ọba fún Ìlú Oníṣòwò

Eré kan wà tí a máa ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, Crusader Kings II ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Paradox ní ilẹ̀ Sweden ni ó gbé e jáde ní ọdún 2012. Nínú eré yìí, ẹni tí ń ṣeré a di ọba tàbí ìjòyè ní ayé àtijọ́; a gbéyàwó, a bímọ, a jagun, a jẹ gbèsè, a sì kú; ọmọ rẹ̀ a gorí oyè, eré a sì máa bá a lọ láti ìran dé ìran títí di ọdún 1453. Olùkọ́ tí ó bá bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nídìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè tètè wí pé ọmọ náà ń fi àkókò ṣòfò. Kí ó má ṣe yára dájọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú eré náà tí ó ti mú kí oorun dá lójú àwọn ọba tí wọ́n jẹ ọba ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní eré nínú rárá.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ náà fi ẹ̀ka kan kún eré yìí, èyí tí ó dá lórí àwọn ìlú tí kò ní ọba. Ìlú etíkun ni wọ́n, bí Venice àti Genoa ní ilẹ̀ Ítálì. Àwọn ọlọ́rọ̀ oníṣòwò ni ń ṣe àkóso wọn, láàrin ara wọn ni wọ́n sì ti ń yan olórí. Àǹfààní wà fún ọba inú eré láti sọ ọ̀kan nínú àwọn ìlú etíkun tirẹ̀ di irú ìlú bẹ́ẹ̀. Yóò fi oyè ńlá dá baálẹ̀ ìlú náà lọ́lá, ìlú náà yóò sì di ìlú ọlọ́jà tí ń ṣe àkóso ara rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ṣì wà lábẹ́ ọba. Èrè ni ọba ń wá. Kì í pẹ́ tí èrè náà fi ń wọlé. Kì í sì í pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìdààmú fi ń tẹ̀ lé e.

Ìdààmú náà rí báyìí. Ìdílé ńlá márùn-ún ni ó wà nínú ìlú oníṣòwò kọ̀ọ̀kan. Bí olórí bá kú, a ó yan òmíràn láàrin àwọn ìdílé wọ̀nyí, ọba kò sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí ọba fi ń so àwọn ìjòyè mìíràn mọ́ra di asán níhìn-ín. Kò lè fi ọmọbìnrin rẹ̀ fún àrólé, nítorí àrólé kò sí. Kò lè mú ọmọ olórí wá sí ààfin kí ó tọ́ ọ dàgbà nínú ìfẹ́ ọba, nítorí ta ni ó mọ ilé ẹni tí a ó yàn lọ́la? Ìlú náà a sì máa dá ibùdó ìṣòwò sílẹ̀ káàkiri etíkun, owó rẹ̀ a máa pọ̀ sí i, ìkúnlẹ̀ rẹ̀ níwájú ọba a sì máa kúrú lójoojúmọ́. Bí ọba bá fara dà á, yóò di ọba orúkọ lásán. Bí ó bá sì fi agbára gba oyè tí òun fúnra rẹ̀ fi fún wọn, láìsí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó hàn sí gbogbo ayé, àwọn ìjòyè yòókù yóò pè é ní òǹrorò, olúkúlùkù yóò sì máa ro ti oyè tirẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ṣe eré náà ti ronú jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí wọ́n ti fi ojú àánú wo ọba ju bí ayé ti ń wò ó lọ. Nínú eré, ara ènìyàn ni ìfẹ́ àti ìkórìíra máa ń lẹ̀ mọ́. Oore tí ọba ṣe fún olórí ìlú, tàbí ibi tí ó ṣe fún un, olórí náà ni ó ni ín. Bí olórí bá kú, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ a bá a wọ ilẹ̀. Ìlú kò ní iyè nínú. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá ṣí ìwé ìtàn, ohun tí a bá níbẹ̀ yàtọ̀ gidigidi: ọba a máa kú, ìlú a máa rántí. Láti inú ìyàtọ̀ yìí ni ìbéèrè kan ti jáde tí ó tó kí àwọn olùkọ́ jókòó tì: ìlérí tí ọba ṣe fún ìlú, ta ni ó dè?

Ìlú Venice kò fi ìgbà kankan jẹ́ àjèjì pátápátá sí Constantinople. Lórí erékùṣù kéékèèké inú omi ọ̀sà ni a tẹ̀ ẹ́ dó sí, lábẹ́ àṣẹ àwọn Késárì Róòmù ti ìlà-oòrùn. Àwọn olórí rẹ̀, tí a ń pè ní doge, a máa gba oyè láti ọwọ́ Késárì. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1050, ìsìn náà ti di ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu náà ṣì wà. Ní ọdún 1081, Robert Guiscard, olórí àwọn ará Norman tí wọ́n ti gba gúúsù Ítálì, kọjá òkun láti wá gba ilẹ̀ Késárì, ó sì dó ti ìlú Dyrrhachium, tí a ń pè ní Durrës ní ilẹ̀ Albania lónìí. Ọdún yẹn gan-an ni Alexios Komnenos gorí oyè. Owó kò sí nínú ilé ìṣúra, ọkọ̀ ogun tí ó bá ní kò sì tó nǹkan. Ó ránṣẹ́ sí Venice. Wọ́n wá, wọ́n sì ṣẹ́gun ọkọ̀ àwọn ará Norman.

Èrè iṣẹ́ wọn ni ìwé tí Alexios fi òǹtẹ̀ wúrà lù, tí ọ̀pọ̀ òpìtàn sọ pé ọdún 1082 ni ó jáde. Ìwé náà fi oyè gíga fún doge, ó fi ẹ̀bùn wúrà ọdọọdún fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Venice, ó sì fún wọn ní ilé ìtajà àti èbúté nínú Constantinople fúnra rẹ̀. Gbogbo èyí kò ṣòro láti san. Ohun tí ó wúwo nínú ìwé náà ni pé àwọn ará Venice yóò máa tà, wọn yóò sì máa rà ní ọ̀pọ̀ ìlú ìjọba náà láìsan owó ibodè kankan. Ìdá kan nínú mẹ́wàá iye ọjà ni owó ibodè nígbà náà. Oníṣòwò tí ó jẹ́ ọmọ ìlú Késárì ń san án. Ará Venice kò san án. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú ọlọ́jà wò ó: ẹni méjì gbé aṣọ kan náà wá sí ọjà kan náà, ọ̀kan ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá kí ó tó tẹ́ àtẹ. Àwọn àgbà wí pé ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ tirẹ̀ ni Alexios bọ́, tí ó fi sí ìdí ọmọ ẹlẹ́ni.

Ǹjẹ́ ó ṣẹ̀? Ilé ń jó, ó ké sí ẹni tí ó ní omi, ẹni tí ó ní omi sì dá iye rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bá ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wí ní ọjọ́ iná. Ṣùgbọ́n ìbáwí tọ́ sí i lórí ohun kan: kò fi òpin sí i. Ìwé náà kò sọ pé fún ogún ọdún, kò sọ pé títí iye owó báyìí yóò fi pé. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà mọ iye owó tí ó yá. Bí ó ti wù kí iṣẹ́ olówó pọ̀ tó, ọjọ́ tí owó bá pé, ìwọ̀fà yóò padà sílé. Alexios fi ibodè ìjọba rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, kò sì sí iye tí a kọ sílẹ̀.

Alexios kú ní ọdún 1118. Johanu ọmọ rẹ̀ jọba, àwọn ará Venice sì mú ìwé wá kí ó fi ọwọ́ sí i. Ó kọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àwọn ará Norman kò sí lẹ́nu ibodè mọ́. Iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ san owó ti parí kí a tó bí i. Ọdún mélòó ni a ó fi máa san owó iṣẹ́ kan ṣoṣo? Lójú Johanu, ẹ̀bùn ni ìwé náà, inú rere bàbá rẹ̀ ni ó ti wá, inú rere bàbá sì ti bá bàbá lọ. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Lójú àwọn ará Venice, títà àti rírà ni. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wọn ni owó tí wọ́n san ní iwájú Dyrrhachium. Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá kì í tún un rà lọ́wọ́ ọmọ.

Bí a bá ka ìwé náà gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́, Johanu ni ó jàre, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ni Késárì sọ nínú rẹ̀; Késárì kì í bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà, ó máa ń fi fúnni ni. Bí a bá sì wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an, Venice ni ó jàre, nítorí Késárì dúnàádúrà, ojú ni ó tì í láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbéraga tí ó mú kí a pe gbèsè ní ẹ̀bùn ni ó bí ìjà náà. Ọba kan ṣoṣo ni ó mọ ohun tí òun ní lọ́kàn nígbà tí ó ń fi ọwọ́ sí ìwé; nígbà tí ọba náà kú, kò sí ẹni tí ó kù bí kò ṣe ìwé àti ìlú tí ó tọ́jú ìwé.

Venice kò pe ẹjọ́. Ní ọdún 1122 ọkọ̀ ogun wọn gbéra; láàrin ọdún mélòó kan wọ́n kó Rhodes, Chios, Samos, Lesbos àti àwọn erékùṣù mìíràn. Ní ọdún 1126 Johanu fi ọwọ́ sí ìwé. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ pátápátá, nítorí pé ohun tí bàbá fi fúnni nítorí ìrànlọ́wọ́ ni ọmọ fi fúnni nítorí ìbẹ̀rù, ìyàtọ̀ méjèèjì kò sì pamọ́ fún ẹni tí ó gbà á.

Ní ọdún 1149, nígbà tí ọmọ-ogun Késárì Manuel, ọmọ Johanu, àti àwọn ará Venice jọ dó ti Corfu, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn. Niketas Choniates tí ó kọ ìtàn ìgbà náà sọ pé àwọn ará Venice gba ọkọ̀ Késárì fúnra rẹ̀, wọ́n fi aṣọ wúrà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n gbé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó jẹ́ ẹrú jókòó sínú rẹ̀, wọ́n dé e ládé, wọ́n sì ń kí i ní kíkí ọba, nítorí pé àwọ̀ Manuel dúdú díẹ̀. Àwọn òpìtàn a máa sọ èyí gẹ́gẹ́ bí àbùkù tí a fi kan Késárì. Òǹkàwé ilẹ̀ wa yóò rí i pé ènìyàn méjì ni a bú, àti pé a kò bèèrè orúkọ èkejì. Manuel gbé e mì, nítorí ó ṣì nílò ọkọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé.

Ó dúró títí di ọdún 1171. Àwọn ará Venice ti kọlu ibùgbé àwọn ará Ítálì mìíràn nínú Constantinople, wọ́n sì wó ilé wọn. Manuel ní kí wọ́n tún un kọ́, wọ́n ní àwọn kò ní í kọ́ ọ, wọ́n sì rán an létí ohun tí ojú bàbá rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún náà, ní ọjọ́ kan ṣoṣo, a mú gbogbo ará Venice ní gbogbo ìjọba Késárì, a sì gba ẹrù wọn. Ìwé ìtàn àwọn ará Venice sọ pé àwọn tí a mú ju 10,000 lọ. Ọkọ̀ kan wà tí ó jẹ́ ti oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Romano Mairano. Ọkọ̀ náà bọ́, ó sì kó àwọn ará ìlú rẹ̀ kan dé Acre. Àwọn ìwé òwò Mairano wà títí di òní, wọ́n sì fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi san gbèsè tí ọjọ́ kan yẹn kó bá a.

Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni èyí, àwọn olùkọ́ sì ń fi kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wò ó bóyá ó ṣeé mú lò fún ìlú oníṣòwò. Ta ni ìka tí ó ṣẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé ìjòyè kan ni ó ṣàìgbọràn sí Manuel, a ó mú ìjòyè náà. Ìlú Venice kò ní ọrùn tí a lè dì mú. Doge tí ó wà nígbà náà, Vitale Michiel, kò sí lórí oyè nígbà Corfu. Àwọn tí wọ́n gbé ẹrú jókòó sínú ọkọ̀ ti dàgbà tàbí wọ́n ti kú. Àwọn tí ọwọ́ Manuel lè tó ni àwọn tí wọ́n ń ta òróró àti aṣọ ní èbúté rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fẹ́ ọmọ ìlú náà níyàwó. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kọ àǹfààní àìsan owó ibodè. Wọ́n ń jẹ nínú ìwé 1082 lójoojúmọ́. Àǹfààní ìlú ni wọ́n fi ń là. Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìlú kò kàn wọ́n?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe èyí tí a lè fi ẹsẹ̀ kan fò. Ẹni tí ó bá sọ pé ó kàn wọ́n ti gbà pé a lè gbé alátẹ sí àhámọ́ nítorí ìpinnu ìgbìmọ̀ tí wọn kò pè é sí. Ẹni tí ó bá sọ pé kò kàn wọ́n ti gbà pé ìlú lè ṣẹ̀ láé láìsí ẹni tí yóò jẹ ìyà rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì máa jẹ èrè. Ó dàbí ẹni pé ohun tí ó tọ́ sí Manuel láti gbà ni àǹfààní náà, kì í ṣe ènìyàn. Ìbá lé wọn kúrò ní èbúté. Ìbá ní kí wọ́n san owó ibodè bí ọmọ ìlú. Èyí tí ó gbà ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ ni ó sọ ọ́ di ajigbèsè, ẹni tí a jẹ ní gbèsè tẹ́lẹ̀. Àwọn Késárì tí wọ́n jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ṣe ìlérí láti san wúrà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1,500 pọ́ùn fún Venice gẹ́gẹ́ bí owó ìtánràn. Títí di ọdún 1203 gbèsè náà kò tíì tán.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún kejì sí ìgbà náà kò ṣàjèjì sí àwọn olùkọ́ ìtàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1204, àwọn ọmọ-ogun àgbélébùú tí wọ́n wọ ọkọ̀ Venice fọ́ Constantinople, wọ́n sì kó o. Doge gba oyè olúwa ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ìjọba Róòmù. Wọ́n kó ẹṣin idẹ mẹ́rin lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Máàkù Mímọ́ ní Venice. Àwọn ìwé a máa di ẹ̀bi náà ru Enrico Dandolo, doge afọ́jú arúgbó tí ó ṣáájú wọn lọ. Kò sí iyèméjì pé ẹ̀bi rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n Dandolo yìí kan náà wà lára àwọn ikọ̀ tí Venice rán sí Manuel ní ọdún 1172, láti bẹ̀bẹ̀ fún àwọn tí a dè. Manuel ti kú láti ọdún 1180. Ìlú tí ó rán ikọ̀ kò kú, ikọ̀ pàápàá sì wà láàyè.

Ó yẹ kí ènìyàn rò pé àwọn ará Constantinople yóò fi èyí ṣe ẹ̀kọ́. Nígbà tí Michael Palaiologos ń wá ọ̀nà àtigba ìlú náà padà ní ọdún 1261, ó nílò ọkọ̀, ó sì bá Genoa, ọ̀tá Venice, dá májẹ̀mú ní Nymphaion. Kí ni ó fún wọn? Àìsan owó ibodè, láìsí òpin. Nígbà tí yóò fi di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Nikephoros Gregoras kọ ọ́ pé Galata, ibùdó àwọn ará Genoa ní òdìkejì odò kékeré tí ó wà ní iwájú ìlú, ń gba 200,000 owó wúrà lọ́dún lẹ́nu ibodè. Constantinople fúnra rẹ̀ kò rí ju 30,000 lọ. Nígbà tí Késárì dín owó ibodè tirẹ̀ kù ní ọdún 1348 kí ọkọ̀ lè yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn ará Genoa kọlu ìlú, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ tí ó bá nínú èbúté.

Nítorí náà, ṣé a ó sọ pé ìlú oníṣòwò kò ṣeé ní lábẹ́ rárá? Ìlú kékeré kan ń bẹ ní etí òkun Adriatic, tí ń jẹ́ Ragusa nígbà náà, tí a ń pè ní Dubrovnik lónìí ní ilẹ̀ Croatia, tí ìtàn rẹ̀ kò jẹ́ kí a lè sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1205 ni ó ti wà lábẹ́ Venice, títí di ọdún 1358 tí ó bọ́ sí abẹ́ ọba Hungary, tí ó sì ń san 500 dúkátì fún un lọ́dún. Ní ọdún 1458 ó dá májẹ̀mú pẹ̀lú Sultani Tọ́kì. Láti ọdún 1481 ni iye ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ ti dúró sí 12,500 dúkátì lọ́dọọdún. Olórí tí wọ́n ń yàn kì í lò ju oṣù kan lọ lórí oyè. Bí ìdààmú ọba inú eré bá jẹ́ òótọ́, tí ó jẹ́ pé ìlú tí ń pààrọ̀ olórí kò ṣeé so mọ́ra, Ragusa ni ìbá burú jù lọ nínú gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Sultani kò fi ajẹ́lẹ̀ kankan síbẹ̀, ọmọ-ogun Tọ́kì kò gbé inú odi rẹ̀, àwọn oníṣòwò rẹ̀ sì ń rìn káàkiri ìjọba Sultani pẹ̀lú owó ibodè tí ó kéré sí ti àwọn àjèjì mìíràn.

Ohun méjì ni ó mú un yàtọ̀ sí ti Venice. Ìkíní ni pé iye wà. Ikọ̀ gbé wúrà lọ sí Constantinople lọ́dọọdún, ọ̀nà náà jìn, ó sì léwu, ṣùgbọ́n ẹni tí ń san mọ ohun tí òun ń san, ẹni tí ń gbà mọ ohun tí òun ń gbà. Èkejì ni èyí tí ó kan ìbéèrè wa gan-an. Lójú àwọn Tọ́kì, ìwé májẹ̀mú tí Sultani fi fún ìlú àjèjì kò de ẹlòmíràn ju Sultani tí ó fi í fúnni lọ. Bí ó bá kú, ìwé ti kú. Ẹni tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò kọ òmíràn, ìlú ni yóò sì wá bèèrè fún un. Ohun tí Johanu sọ ní 1118, tí ó fi di ogun, ni àwọn wọ̀nyí ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ojú ẹni tí ó kàn. Kò sí ẹni tí a tàn jẹ. Òfin náà fi ìlú sínú ewu ní gbogbo ìgbà tí Sultani bá kú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó sọ ìlérí di ohun tí alààyè ń ṣe fún alààyè.

Kí a má ṣe kọ ọ́ bí ẹni pé ayọ̀ ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní ọdún 1667 ilẹ̀ mì ní Ragusa, ó wó ìlú náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kú, olórí ìlú pàápàá wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n ń tún odi kọ́ ni Kara Mustafa, tí ó jẹ́ olórí àwọn ìjòyè Sultani, bèèrè owó ńlá lọ́wọ́ wọn, lé lórí iye tí ó wà nínú ìwé. Ìgbìmọ̀ Ragusa kò ní ọmọ-ogun tí ó lè kojú tirẹ̀. Ikọ̀ ni wọ́n ní. Nínú àwọn tí wọ́n rán ni Nikola Bunić àti Marojica Kaboga. Kaboga ti pa ènìyàn rí. Inú ẹ̀wọ̀n ni ilẹ̀ mímì ti bá a, ògiri wó, ó jáde, ó sì dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń gba ìlú là. Ọ̀rọ̀ tí a fi rán wọn kò gùn: kí wọ́n má ṣe gbà láti san ju iye tí a kọ lọ.

Ẹni tí ó bá fi ojú owó nìkan wò ó yóò sọ pé agídí ni. Ìlú tí ó wà nínú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ ìbá yá owó, kí ó sì gba àlàáfíà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá san án lẹ́ẹ̀kan, iye inú ìwé kò jẹ́ iye mọ́. Wọn yóò wà ní ibi tí Alexios fi àwọn ọmọ rẹ̀ sí, nínú gbèsè tí kò ní òǹkà. A ti Bunić mọ́lé ní Silistra, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1678. A ti Kaboga mọ́lé ní Constantinople. Òun dúró títí Kara Mustafa fi kùnà ní iwájú odi Vienna ní ọdún 1683, tí Sultani sì ní kí a fi okùn yí i lọ́rùn ní oṣù kejìlá ọdún náà. Lẹ́yìn èyí ni ó rí ilé.

Ní ọdún 1684, ìgbìmọ̀ Ragusa rán ikọ̀ lọ sí Vienna. Wọ́n gbé májẹ̀mú ọdún 1358 jáde, èyí tí wọ́n bá ọba Hungary dá ní ọdún 326 sẹ́yìn, wọ́n sì tún un ṣe pẹ̀lú ẹni tí ó jogún adé Hungary, ní 500 dúkátì lọ́dún, iye àtijọ́ náà gan-an. Wọn kò sì tìtorí èyí kọ Sultani ní olúwa. Ìlú kan, olúwa méjì tí wọ́n ń bá ara wọn jagun, ìwé méjì nínú àpótí kan. Nínú eré orí kọ̀ǹpútà ni èyí kò ti ṣeé ṣe: olúwa kan ṣoṣo ni a gbà kí ẹni tí ń sìn ní.